Àyẹ̀wò Ṣáájú Àtúnṣe: Ìrírí Olùkọ́ Àgbà Kan àti Ọkọ̀ Ìjàpá Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òwe yìí kò yọ oníṣègùn sílẹ̀, kò yọ olùkọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ mẹkáníìkì sílẹ̀. Gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ wíwá àtúnṣe sí ohun tí kò lọ déédéé ni ó ń bá wí. Ohun tí ó mú kí òwe náà ṣòro láti tẹ̀ lé ni pé gbangba ni làpálàpá máa ń wà, tí gbogbo ènìyàn ń rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ a máa fara pamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò mú èyí tí ó rí, yóò sì fi èyí tí ń pani sílẹ̀.

Ìrírí olùkọ́-fẹ̀yìntì kan ní Iléṣà ni ó wà nínú àròkọ yìí. Ọkọ̀ rẹ̀ ń kú lójú ọ̀nà, ó sì ń jo ọ́ìlì. Ibi tí ó ti wá àtúnṣe lọ ni ó ti bá ọ̀rọ̀ mìíràn pàdé, èyí tí ó ti wà nílẹ̀ fún ọdún 33 kí ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu.

Ọkọ̀ Náà àti Ẹni tí Ó Ni Ín

Bàbá Tíṣà ni àwọn ará àdúgbò ń pe olùkọ́ náà. Ó fi ogójì ọdún gbáko kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìntì ní ọdún 2004. Ní ọdún 1979, ó yá owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń ṣe nígbà náà, ó sì fi ra Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rogodo bí igbá. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn baba wa wò kí wọ́n tó sọ èyí lórúkọ.

Irú ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, Ferdinand Porsche ni ó sì ṣe olórí àwọn tí ó gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 sí 1939. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, ní ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe ìkẹyìn rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2003, lẹ́yìn tí èyí tí wọ́n ti ṣe káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ìṣẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú sì ni ẹrù àti táńkì bẹntiróòlù ń gbé. Kò ní rédíétọ̀, kò sì mọ omi. Afẹ́fẹ́ tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ sí ara ẹ́ńjìnnì àti ọ́ìlì tí ń yí ká inú rẹ̀ ni ó ń mú un tutù. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ohun tí ń ṣe é, nítorí pé nínú ọkọ̀ yìí, ọ́ìlì kì í kàn ṣe ohun tí ń mú kí irin yọ̀ lára irin. Òun ni omi rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo ni ó kù fún Bàbá Tíṣà láyé, Ìgbàrà-Òkè ni ó sì ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá náà jókòó sójú kan, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, àbúrò rẹ̀ a máa gbé oògùn àti èso lọ fún un, yóò sì bá a jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ohùn Ìjàpá kò jọ ti ọkọ̀ mìíràn. Bí ó bá ti ń bọ̀ láti òpin àdúgbò ni ìyá náà ti ń dá a mọ̀, yóò sì ti máa rẹ́rìn-ín kí àbúrò rẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ Bàbá Tíṣà sọ pé kí ó pe àwọn oníkóńdẹ̀mù kí wọ́n wá fi owó irin gbé ọkọ̀ náà, kí ó sì máa wọ ọkọ̀ èrò, baba náà kò dá wọn lóhùn.

Irú Ikú tí Ọkọ̀ Náà ń Kú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, nígbà tí ọyẹ́ ti kógbá wọlé tí oòrùn sì ń mú hanhan, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójú ọ̀nà. Àárọ̀ kò sí wàhálà. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò jí, ohùn rẹ̀ yóò sì dán. Ṣùgbọ́n tí ó bá ti rìn fún bí ogójì ìṣẹ́jú, pàápàá ní àwọn òkè tí ó wà kí a tó dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, yóò já lẹ́ẹ̀kan, yóò já lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì kú pátápátá. Kò sí bí a ṣe lè ta á tí yóò jí. Bí ó bá ti sinmi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò tún jí bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é.

Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé e sí ni ọ́ìlì ń kán sí. Iwájú ilé baba náà ti dúdú. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì gbóná, òórùn ọ́ìlì tí ń jóná a máa wọ inú ọkọ̀.

Ó dára kí a kíyè sí bí èdè wa ti sọ ọkọ̀ di abẹ̀mí. A ní ọkọ̀ kú, a ní ó jí. A ní ó ń jẹ ọ́ìlì, a sì ní ó ń jo ọ́ìlì. Jíjẹ àti jíjò kì í ṣe ohun kan náà. Ọkọ̀ tí ń jẹ ọ́ìlì ń sun ún nínú ni, èéfín aláwọ̀ búlúù ni yóò sì máa rú jáde nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ tí ń jò ń dà á sílẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan mọ́ èkejì lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ láìnídìí.

Àwọn tí Ó Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn Án

Mẹkáníìkì mẹ́ta ni Bàbá Tíṣà gbé ọkọ̀ náà lọ bá. Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ pé ó ń kú nínú oòrùn, ó ní bẹntiróòlù ni kò dé ibẹ̀, ó sì pààrọ̀ pọ́ǹpù. Ọkọ̀ náà tún kú. Ẹnì kejì ní kabúrétọ̀ ni, ó ra tọ̀kúnbọ̀ kan fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún kú. Ẹnì kẹta, tí ó jẹ́ réwáyà, pààrọ̀ kọ́ìlì, ó sì pààrọ̀ kọ́ńtáàtì tí ń bẹ nínú dìsìtiríbútọ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ náà lọ geere. Baba náà dúpẹ́, ó sì san owó. Nígbà tí yóò fi lọ sí Ìgbàrà-Òkè lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pààrọ̀ kọ́ńtáàtì náà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ó sì jó.

Ní ti ọ́ìlì, ẹni àkọ́kọ́ fi gọ́ọ̀mù dí ibi tí ó rí i tí ó tutù. Ẹnì kejì tún lẹ gọ́ọ̀mù mìíràn lé ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú wọn tún já rọ́bà gbọọrọ tí ó yí etí ihò ẹ́ńjìnnì ká sọnù, ó ní ó ti gbó, kò sì wúlò fún nǹkan kan.

Kò sí ọ̀lẹ láàrin àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sí olè. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣiṣẹ́. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà ń kú. Àárọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ bá wọn, nígbà tí ara rẹ̀ ya. Ìdáhùn ni wọ́n ń fún un kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè.

Nínú oṣù Kẹta, ọkọ̀ náà kú láàrin òkè ní ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ sì ṣú bá baba ẹni ọdún 75 lójú ọ̀nà. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó ṣàánú rẹ̀ tí ó fi okùn fa ọkọ̀ náà dé Iléṣà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Tíṣà mọ̀ pé ibì kan ṣoṣo ni ó kù tí òun kò tíì lọ. Ó ti mọ ibẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó lọ.

Nọ́ńbà 37

Ní ọdún 1986, ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì Bàbá Tíṣà, nọ́ńbà 37 ni orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Láàárọ̀, ọmọ náà a máa dáhùn ìbéèrè, ojú rẹ̀ a sì mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí oòrùn bá ti ń kan àtàrí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, kò sì sí ohun tí a lè bi í tí yóò mọ̀. Olùkọ́ náà nà án. Ó gbé e wá sí àga iwájú. Ó ní kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ó mú un tún kíláàsì kan ṣe. Níkẹyìn, ó ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún un níṣojú ọmọ náà pé orí rẹ̀ kò gba ìwé, kí ó lọ fi í sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́.

Ìyá náà mú un lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà kan tí ó mọ Volkswagen dunjú. Ọmọ náà kọ́ṣẹ́, ó gbòmìnira, ó sì di ọ̀gá tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ní ẹ̀yìn ìlú. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ nípa Ìjàpá ní agbègbè náà ni ó ń dárúkọ rẹ̀. Bàbá Tíṣà kò sì gba ojú ọ̀nà ibẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Baba náà gbé ara rẹ̀ lọ. Bí ọ̀gá náà ti rí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó, sà. Kí ni ó ń ṣe ọkọ̀ yín?”

“Kabúrétọ̀ ni wọ́n ní ó ń ṣe é, wọ́n sì tún ní...”

“Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ má tíì sọ ohun tí wọ́n ní. Ohun tí ẹ̀yin fi ojú yín rí ni kí ẹ sọ.”

Baba náà bẹ̀rẹ̀ sí í rò. Ọ̀gá náà ń bi í: Ṣé ó máa ń já kí ó tó kú, tàbí ó kàn ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni? Báwo ni ó ti máa ń pẹ́ tó kí ó tó tún jí? Ṣé táńkì kún tàbí ó kù díẹ̀? Ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, báwo ni èyí tí wọ́n dà sí i sì ti pọ̀ tó? Wákàtí kan kọjá, kò tíì fọwọ́ kan sípánà.

Ìwádìí

Nígbà tí ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó kọ́kọ́ tẹ́ ọwọ́ sí rọ́bà kékeré tí bẹntiróòlù ń gbà dé kabúrétọ̀. Rọ́bà náà ti sán, ó sì ti rin díẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni dìsìtiríbútọ̀ wà, níbi tí iná ti ń ṣẹ́. Ó pe ọmọ iṣẹ́ kan, ó ní kí ó lọ ra rọ́bà tuntun àti ohun tí a fi ń dì í, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́ńjìnnì náà títí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó wá sọ fún Bàbá Tíṣà pé ìpààrọ̀ èyí kò ní kí ọkọ̀ náà má kú mọ́, ṣùgbọ́n bí bẹntiróòlù bá kán sí orí iná, ọkọ̀ náà ìbá jóná tòun ti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí nínú ẹjọ́ tí baba náà rò rárá.

Lẹ́yìn èyí, ó ní kí àwọn jọ wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀nà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀sán gangan, ní wákàtí tí ó máa ń kú. Ó ní òun fẹ́ kí ó kú níṣojú òun. Ọkọ̀ náà kò já wọn kulẹ̀. Bí ó ti kú, ọ̀gá náà sọ̀ kalẹ̀ kíá, nítorí pé tí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ̀rí ti lọ.

Ohun méjì ni irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn afẹ́fẹ́: bẹntiróòlù àti iná, kí iná náà sì wá lásìkò. Ó kọ́kọ́ ṣí ìdérí táńkì níwájú, ó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá yóò fa afẹ́fẹ́ sínú. Bí ihò ìdérí bá dí, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà wọ táńkì, pọ́ǹpù kò sì ní lè fa bẹntiróòlù mọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wo ẹnu kabúrétọ̀, ó fi ọwọ́ ti irin tí a fi ń fún un ní iná ẹsẹ̀, bẹntiróòlù sì tú jáde fín-ín bí itọ́. A jẹ́ pé bẹntiróòlù wà níbẹ̀, ooru kò sì sọ ọ́ di èéfín nínú páìpù bí ẹni àkọ́kọ́ ti rò.

Ó fa wáyà àárín dìsìtiríbútọ̀ yọ, ó fi aṣọ gbígbẹ dì í mú jìnnà sí bẹntiróòlù, ó gbé e sún mọ́ irin, ó sì ní kí Bàbá Tíṣà yí kọ́kọ́rọ́. Iná tí ó yẹ kí ó ta pà pẹ̀lú àwọ̀ búlúù jáde ní pupa rúsúrúsú, tín-ín-rín bí òwú. Nígbà tí ó ṣí dìsìtiríbútọ̀, kọ́ńtáàtì tuntun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti jó dúdú.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì ṣàlàyé. Ohun kékeré kan wà lára dìsìtiríbútọ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, tí wọ́n ń pè ní kọ̀ńdẹ́ńsà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba iná tí ì bá máa ta láàrin ẹnu kọ́ńtáàtì nígbà tí ó bá ń ṣí, kí kọ́ìlì lè mú iná tí ó lágbára jáde. Bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́, àárọ̀ tí ara tutù yóò ṣiṣẹ́. Tí ooru bá ti wọ̀ ọ́, yóò jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Kọ́ńtáàtì ni yóò máa jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi ń lọ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan bí wọ́n bá pààrọ̀ kọ́ńtáàtì. Ẹni tí ń jìyà ni wọ́n ń pààrọ̀, wọn kò kan ẹni tí ń fi ìyà jẹ ẹ́.

Wọ́n dúró títí ó fi jí, wọ́n sì padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó fi kọ̀ńdẹ́ńsà ojúlówó kan sí i, ó tún fi kọ́ńtáàtì tuntun sí i, ó fi ìwọ̀n irin pẹlẹbẹ wọn ẹnu rẹ̀ sí 0.4 mílímítà. Wọ́n gba ọ̀nà kan náà ní wákàtí kan náà. Kò kú. Bàbá Tíṣà ti ń na ọwọ́ sí àpò owó, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà ní ó kù. Ó yọ kọ̀ńdẹ́ńsà tuntun náà, ó dá ògbólógbòó padà sí àyè rẹ̀, wọ́n sì tún gba ọ̀nà náà lọ́jọ́ kẹta. Ní òkè kan náà, ó kú. Ìgbà yẹn ni ó tó sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ó ní bí òun kò bá dá a padà, òun yóò kàn gbà pé òun mọ̀ ni. Ó wá fi tuntun sí i pátápátá.

Ọ̀rọ̀ Ọ́ìlì

Ní ti ọ́ìlì, kò kọ́kọ́ dí ibì kankan. Ó fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà títí ó fi dán, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó sì bu àtíkè funfun lé gbogbo ìdí rẹ̀. Wọ́n wà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n gbé e sórí páálí mọ́jú. Òkè ni ọ́ìlì ti ń ṣàn wá sísàlẹ̀, atẹ́gùn fáànù sì ń fọ́n ọn káàkiri. Ibi tí ó ti ń kán lè jìnnà sí ibi tí ó ti ń jò. Lára àtíkè náà ni wọ́n ti rí ojúsun méjì: ìdérí fáàfù apá òsì, níbi tí wọ́n ti ń lẹ gọ́ọ̀mù lé gọ́ọ̀mù lórí gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti gan, àti ọ̀kan nínú àwọn páìpù tín-ín-rín mẹ́jọ tí ọ̀pá fáàfù ń gba inú wọn.

Ó fa géèjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè jìnnà. Ó ní, “Ẹ ní kẹ́ẹ̀gì kan ni wọ́n dà sí i, sà?” Bàbá Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ẹ̀gì lítà 4 odindi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀ gbogbo. Lítà 2 àbọ̀ péré ni Ìjàpá ń gbà. Ọ́ìlì tí ó pọ̀ jù kò ráyè gbé, ó ń wá ọ̀nà jáde ni.

Lẹ́yìn náà ni ó na ìka sí àárín àwọn ìyẹ́ irin tí ó yí sìlíńdà ká. Ọ́ìlì tí ó jò àti eruku ojú ọ̀nà ti pò pọ̀ bí amọ̀ sí àárín wọn, atẹ́gùn kò sì ráyè kọjá. Rọ́bà etí ihò ẹ́ńjìnnì tí wọ́n já sọnù pẹ̀lú, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti jáde nísàlẹ̀ padà sókè sọ́dọ̀ fáànù. Láti ìgbà tí kò ti sí mọ́, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ẹ́ńjìnnì náà tún ń mí sínú. Kọ̀ńdẹ́ńsà tí ó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá bá ara rẹ̀ nínú ooru tí kò yẹ kí ó bá. Báyìí ni ọ̀ràn méjì tí baba náà gbé wá ṣe jẹ mọ́ ara wọn.

Ó da ọ́ìlì náà nù, ó fọ asẹ́ rẹ̀, nítorí pé irú ọkọ̀ yìí kò ní fílítà ọ́ìlì, asẹ́ wáyà ni ó ní. Ó wọn lítà 2 àbọ̀ sí i. Ó fi ọ̀bẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù kúrò, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i láìlẹ gọ́ọ̀mù, ó sì wá rọ́bà gbọọrọ mìíràn fi yí etí ihò náà ká. Ti páìpù kan tí ó ń rin, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kí a tó lè dé ìdí rẹ̀ dáadáa, a ó tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò, kò sì yẹ kí a ṣí ara ẹni tí ara rẹ̀ ń ya nítorí ìkán kan lóòjọ́. Kí baba máa wo géèjì ní àràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó padà wá.

Ìbéèrè tí A Kò Bi

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán tí ó wà níwájú ibi iṣẹ́ náà. Ọ̀gá náà kọ̀ láti gba owó iṣẹ́. Owó ohun tí ó rà nìkan ni ó gbà. Bàbá Tíṣà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè ohun tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

“Nígbà tí o wà ní kíláàsì mi, kí ni ó máa ń ṣe ọ́ lọ́sàn-án?”

Ọ̀gá náà fi èkísà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ìyá òun ń ta ògì nígbà náà. Òun ni òun ń bá a sẹ́ ògì títí di ààjìn, òun náà sì ń gbé e lọ fún àwọn oníbàárà ní ìdájí kí òun tó wá sí ilé ẹ̀kọ́. Òun kì í sì í jẹun títí òun fi ń padà sílé.

“Èé ṣe tí o kò sọ fún mi?”

“Ẹ kò bi mí, sà.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tí ń bínú. Bí ó ti ń sọ pé lítà 4 ti pọ̀ jù ni ó ṣe sọ ọ́. Baba náà gbé fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé orókún. Ó ní, “Ó yẹ kí n bi ọ́.” Ọ̀gá náà ní, “Ó ti tán, sà.” Wọ́n sì tún jókòó díẹ̀ sí i.

Ìgúnlẹ̀

Kò sí olùkọ́ tí kò tíì lẹ gọ́ọ̀mù lé gọ́ọ̀mù rí. Ọmọ kan ń tòògbé, a nà án. Kò dáhùn, a yí àga rẹ̀ padà. Kò yege, a mú un tún kíláàsì ṣe. Ohun gbogbo tí a ṣe ni ó jọ iṣẹ́, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, a ó sì rò pé a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì yìí fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn: kí a gbọ́ ohun tí ojú rí kí a tó gbọ́ ohun tí ẹnu sọ, kí a kọ́kọ́ mú ohun tí ó lè pani kúrò, kí a wà níbẹ̀ ní wákàtí tí ọ̀ràn náà ń ṣẹlẹ̀, kí a yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí a sì dán an wò lẹ́ẹ̀kejì kí a tó sọ pé a mọ̀.

A kò lè dá ọdún 1986 padà sí àyè rẹ̀ bí a ti dá kọ̀ńdẹ́ńsà padà. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ọmọ náà sí ti gbè é, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e débẹ̀ di rere. Bàbá Tíṣà mọ èyí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé, nígbà tí wọ́n rán àwọn olùkọ́ ìkọ́ṣẹ́ méjì wá sí ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò rẹ̀ ní ọdún náà tí wọ́n sì wá kí i, ó sọ ìtàn yìí fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì yọ ẹ̀bi ara rẹ̀ kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé àtúnṣe náà, Ìjàpá gun òkè Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀sán gangan, kò sì já. Nígbà tí ó yà sí àdúgbò ní Ìgbàrà-Òkè, ìyá tí ó jókòó sójú kan ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìkán ọ́ìlì kan ṣì kán sí iwájú ilé náà kí wọ́n tó ṣẹ́rí padà. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Bàbá Tíṣà fa géèjì yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó sì wò ó. Ó wà ní àyè rẹ̀.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.